Màmá Délé Ò Gbàgbé

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi, ṣùgbọ́n wọ́n ti wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìyá arúgbó kan nítorí irọ́ tí mo pa, mi ò sì lè gbé e mọ́ra mọ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni mí, Àgọ́-Ìwòyè ni mo ń gbé. Mo máa ń rìnrìn àjò, mo sì máa ń kọ ohun tí mo bá rí. Ó pẹ́ tí mo fi ń kọ ọ́ sórí fóònù, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kà á lọ́fẹ̀ẹ́. Bàbá mi ò kà á sí iṣẹ́. Wọ́n máa ń sọ pé ìwé tí èèyàn ò lè fi di ọ̀jọ̀jọ̀, ìwé kọ́ nìyẹn. Yẹ̀yẹ́ ni wọ́n ń ṣe, ṣùgbọ́n ó ń dùn mí. Mo fẹ́ kí orúkọ mi jáde nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀, kí n gbé e síwájú wọn.

Délé ni ọ̀rẹ́ mi láti yunifásítì. Ìyá rẹ̀ ń yan ẹja tà ní abúlé kan lẹ́bàá Efire, létí ọ̀sà. Mi ò ní dárúkọ abúlé náà. Mo ti dárúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó sì rí ohun tó fà. Ọmọ ìlú Màmú lókè ilẹ̀ ni Màmá Délé, ọkọ ló gbé wọn dé etí omi, ọkọ náà sì ti kú tipẹ́. Bí mo bá lọ, ọ̀dọ̀ wọn ni mo máa ń sùn. Ọmọ mi ni wọ́n máa ń pè mí.

Ibú kan wà lẹ́yìn abúlé náà tí ẹnikẹ́ni kì í ju àwọ̀n sí. Wọ́n ń dá a sí kí ẹja lè bí sí i. Tí àkókò bá tó, àwọn àgbà á ṣí i, gbogbo ilé á bọ́ sómi lọ́jọ́ kan náà, àwọn opó á sì kọ́kọ́ mú tiwọn. Koríko ti bo ọ̀nà ibẹ̀, àlejò ò lè dá a mọ̀. Mo bẹ Màmá títí wọ́n fi fi ọkọ̀ wọn wà mí débẹ̀. Wọ́n gbé àjẹ̀ sórí itan, wọ́n wò mí lójú.

"Ohun tí ojú ẹ rí níbí, má fi sínú ìwé ẹ o. Àtọ̀húnwá ni mí nílùú yìí. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Màmá."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Mo gbọ́.

Nígbà tí mo kọ nípa abúlé náà ránṣẹ́ sí magasíìnì kan, mi ò fi ibú yẹn sí i. Olóòtú wọn pè mí. Ó ní ó dáa, ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn ló ń kọ nípa ọkọ̀ ojú omi àti oòrùn tó ń wọ̀. Ó ní kí ni mo rí tí ẹlòmíràn ò tíì rí? Ni mo bá sọ nípa ibú náà fún un. Mo júwe ibi tí omi ti pín sí méjì, mo júwe ọ̀pẹ tó tẹ̀ sórí omi. Ó yọ ẹja yíyan Màmá kúrò, ó yọ orin ìjọ aláàdúrà wọn kúrò, ibú ló fi sílẹ̀.

Magasíìnì náà jáde. Mo gbé e fún bàbá mi. Wọ́n wọ awò ojú, wọ́n kà á tán, wọ́n sì gbé e sórí tábìlì pálọ̀ kí àlejò lè máa rí i. Inú mi dùn, mi ò ní parọ́ ìyẹn mọ́ èyí tí mo ti pa.

Kò pẹ́ tí àwọn kan tí a ò mọ̀ fi gbé ọkọ̀ oníẹ́ńjìnnì wá. Wọ́n fi àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ gbá ibú náà, tòun ti ọmọ ẹja. Nígbà tí àwọn àgbà wá ṣí i, omi lásán ni wọ́n bá. Ẹnì kan ti fi magasíìnì náà hàn wọ́n, ni wọ́n bá pe èmi àti Màmá jókòó. Wọ́n ní ṣé Màmá kìlọ̀ fún mi àbí wọn ò kìlọ̀?

Olóòtú ti gba àròkọ mi kejì, ẹ̀rù sì ń bà mí kó má lọ dá a padà. Mo ronú nípa tábìlì pálọ̀ bàbá mi. Mo ní, "Màmá ló mú mi débẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn ò sọ fún mi pé kò yẹ kí n kọ ọ́."

Màmá wò mí. Mo rò pé wọn yóò pariwo. Wọ́n kàn ní, "Bóyá mo gbàgbé láti wí i. Mé è mọ̀. Àgbà ti dé."

Mo rò pé wọ́n ń bò mí láṣìírí ni. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, òmùgọ̀ èmi. Àwọn àgbà ní tí wọ́n bá tún ṣí ibú, ọkọ̀ Màmá ò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀, pé ohun tí àtọ̀húnwá máa ń dá sílẹ̀ nìyẹn. Mo padà sí Àgọ́-Ìwòyè, mo jẹun, mo sùn.

Ẹ jọ̀ọ́, wọn ò bò mí láṣìírí. Wọ́n gba irọ́ mi gbọ́ ni. Délé ló ń sọ fún mi láìmọ̀ pé èmi ni mo fà á. Ó ní Màmá ti ń bi aládùúgbò bóyá àwọn ti ti ilẹ̀kùn, bóyá àwọn ti fi iyọ̀ sọ́bẹ̀. Àwọn ọmọ Màmá gbé wọn lọ sí ọsibítù ní Ìbíadé, dókítà ò rí nǹkan kan. Síbẹ̀ àwọn ọmọ gba iná ẹja yíyan lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n má baà jó ilé.

Mo lọ láti lọ jẹ́wọ́. Ìyàwó Délé ló wà nídìí iná, ẹja ń jóná, Màmá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ń wò ó. Wọ́n pè mí sún mọ́ra, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀ kí ìyàwó má gbọ́.

"Ọmọ mi, èmi pẹ̀lú ẹ nìkan la jọ wà nínú ọkọ̀. Ó ń ṣe mí bí ẹni pé mo wí i. Ṣé mo wí i fún ẹ, àbí mé è wí i?"

Délé ti yọ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹnu mi ló dáhùn kí n tó mọ̀.

"Ẹ ò wí i, Màmá."

Wọ́n mi orí. Wọ́n ní, "Ó dáa. Kí wọ́n má wulẹ̀ dá iná padà fún mi."

Ẹni tó bá dalẹ̀ á bá ilẹ̀ lọ, mo mọ̀. Kì í ṣe èyí ló ń bà mí lẹ́rù. Tí Délé bá lù mí, ó tọ́ sí mi. Tí bàbá mi bá gbé ìwé yẹn kúrò lórí tábìlì, ó tọ́ sí mi. Ohun tí mo fẹ́ bi yín ni pé, tí mo bá padà lọ sọ òtítọ́ fún Màmá, ṣé wọn yóò gbà á, àbí wọn yóò rò pé mo kàn ń tu arúgbó nínú? Kí ni kí n ṣe tí wọn yóò fi gbà á?

Ìwé tí wọ́n tẹ̀ ni mo fi ba ayé wọn jẹ́. Ẹ̀yin olóòtú ojú ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tẹ èyí bí mo ṣe kọ ọ́, kí n lè gbé e lọ kà fún wọn lójú àwọn ọmọ wọn: Màmá wí i fún mi. Mo sì dáhùn pé mo gbọ́.