Iyọ̀ Inú Omi Àdúrà Bàbá

Láídé, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń fọ aṣọ ní ọsibítù kan nítòsí títì Southwest Freeway ní Houston, ní Amẹ́ríkà, ló kọ́kọ́ sọ ìtàn sódà fún mi. Sódà inú páálí kékeré ni mo ń wí, ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n fi ń mú kéèkì wú. Ó ní ọmọ ìyá kán-ún tí a fi ń se ẹ̀wà ni. Ẹni tí àyà ń jó, tó bá po ṣíbí kékeré kan mọ́ omi mu, iná inú rẹ̀ á kú. Lẹ́yìn náà ló na ìka sí mi: "Àmọ́ ẹlẹ́jẹ̀ ríru ò gbọdọ̀ sọ ọ́ di oúnjẹ o. Iyọ̀ ló kún inú ẹ̀."

Ẹ jọ̀ọ́, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. N kò lè sọ pé n kò mọ̀. Oṣù mẹ́rin ni mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí mì. Mo ń pọ̀ ọ́ lónìí nítorí ẹnì kan lè kú.

Bàbá Ṣọlá, àgbà nínú ìjọ aláṣọ funfun wa, ló gbà mí sílé nígbà tí iṣẹ́ epo dàrú ní Houston tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi, kí n tó rí ti ọsibítù. Nínú apartment wọn ní àdúgbò Sharpstown ni mo ti rí oorun sùn. Dókítà ti sọ fún wọn pé ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru. Wọ́n gbà láti fi iyọ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò gba oògùn. Omi àdúrà tó wọn. Èmi sì ni mo ń bu omi ẹ̀rọ sínú gálọ́ọ̀nù wọn, tí mo ń gbé e síwájú pẹpẹ.

Nínú àwẹ̀ ọlọ́jọ́ méje kan, àyà bẹ̀rẹ̀ sí í jó Bàbá. Wọ́n ká kò sórí àga, wọ́n ń kérora. Mo ní kí n lọ ra oògùn.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé omi Ọlọ́run ò tó ẹ ni?"

Àánú wọn ṣe mí. Mo bu ṣíbí sódà méjì sínú gálọ́ọ̀nù náà. Ó yòrò, kò hàn.

Bàbá mu ún, wọ́n sì gùnfẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Ìyá Ṣọlá, ìyàwó wọn, fi pariwo láti ilé ìdáná: "Bàbá Ṣọlá, ṣé ẹ jí màlúù jẹ nínú àwẹ̀ ni?"

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Àìsàn ló ń jáde yẹn! Omi yìí tiẹ̀ ní adùn iyọ̀. Iyọ̀ májẹ̀mú ni."

Wọ́n jẹ́rìí lọ́jọ́ Ìsinmi. Gbogbo ìjọ jó. Èmi náà jó.

Láti ìgbà náà, àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́, omi yẹn ni. Mo sì ń bu sódà sí i.

Ẹ mọ̀ pé a kì í wọ bàtà sí sútánà. Lọ́jọ́ kan mo kúnlẹ̀ lẹ́yìn Bàbá, mo rí ẹsẹ̀ wọn. Ó wú. Ojú ibi tí ẹní ti tẹ̀ ẹ́ jin sínú bí ìgbà tí ènìyàn fi ìka tẹ iyán. Ọ̀rọ̀ Láídé sọ sí mi lọ́kàn. Ẹ̀rù bà mí, síbẹ̀ mo ṣì ń bu sódà náà sí i. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, Bàbá ò lè mí dáadáa mọ́. A sáré gbé wọn lọ ọsibítù.

Dókítà béèrè ibi tí wọ́n ti ń rí iyọ̀ jẹ. Bàbá búra pé àwọn ò fẹnu kan iyọ̀. Dókítà wá kọjú sí Ìyá Ṣọlá bí ẹni pé ìdí ìkòkò wọn ni ẹ̀sùn wà. Ìyá náà búra, omijé lójú. Mo dúró sídìí bẹ́ẹ̀dì. Mo ń tún ìrọ̀rí Bàbá tò.

Omi lásán ni mo ń bù láti ọjọ́ náà. Ẹsẹ̀ Bàbá rọlẹ̀, wọ́n padà wálé. Mo rò pé ó ti parí.

Bàbá tọ́ omi wò, wọ́n gbé ife sílẹ̀. "Adùn rẹ̀ ti lọ. Ta ló ṣẹ̀ nínú ilé yìí?"

Wọ́n ní àwọn ò ní jẹun títí iyọ̀ náà á fi padà. Ọjọ́ karùn-ún rèé. Ìyá Ṣọlá ń sunkún tọrọ ìdáríjì ẹ̀ṣẹ̀ tí wọn ò dá. Èmi ni wọ́n sì ní kí n máa ṣe àmín.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé mi ṣépè. Bí mo bá tún bu sódà sí i, mo pa wọ́n. Bí mo bá dákẹ́, ebi á pa wọ́n. Bí mo bá sì sọ̀rọ̀, ohun tí Bàbá fi jẹ́rìí níwájú ìjọ ni mo fẹ́ já gbà lọ́wọ́ wọn lórí àìsàn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èyí, báwo ni kí n ṣe sọ fún wọn, tí ọ̀rọ̀ náà ò fi ní pa wọ́n kí àwẹ̀ tó pa wọ́n?