Ìpè Tí Bàbá Mi Kò Jẹ́

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó ń rí ẹni tí kò dáhùn. Èmi ni Ìyá Dámilọ́lá tó ń gbin ẹ̀gẹ́ níbí ní Ìlérò. Gbogbo yín lẹ mọ bàbá mi, ẹ sì mọ̀ pé iyè wọn ti ń ra. Mo ra fóònù fún wọn kí wọ́n má baà sọnù. Wọ́n fi í kọ́ sára ìṣó.

Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n gba ọ̀nà oko àtijọ́ wọn lọ, wọn ò padà. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, a ò tíì rí wọn. Ẹ̀ẹ̀rùn ni, kò sómi, àwọn kan sì ti ń sun igbó lápá ibẹ̀. Hẹ̀n! Gbogbo ìjọ jáde. Pásítọ̀ gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Wòlíì kan ní òun rí bàbá létí odò. Mo ṣe àmín, mo gbàgbé pé gbogbo odò ibẹ̀ ti gbẹ. A ń ké “Bàbá Àkànmú o!” títí ohùn wa fi há.

Olùkọ́ yunifásítì kan, Dókítà Bísí, wà nítòsí ibẹ̀, ó ń fi ẹ̀rọ ṣọ́ màlúù tó bá fẹ́ wọ oko. Mo ti sọ níbi ìpàdé àwọn obìnrin pé iṣẹ́ náà kì í ṣe ti Ọlọ́run. Ẹ dárí jì mí. Mo sọ fún un pé bàbá ò mú fóònù dání.

“Mà, màlúù náà ò mú fóònù dání.”

Ó ní ìgbì tí òpó nẹ́tíwọ̀kì ń tú jáde máa ń kọlu ohun tó bá wà lọ́nà, díẹ̀ a sì ta padà. Ìyẹn ni ẹ̀rọ òun ń gbà. Ó fi àmì kan hàn mí lórí kọ̀ǹpútà.

“Ṣé bàbá ni?”

“Mi ò mọ̀, mà. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: bí ẹ bá ti pariwo, á dúró jẹ́ẹ́. Bí ẹ bá dákẹ́, á tún rìn.”

Màlúù wo ló ń sá pamọ́ fún orúkọ Àkànmú? Nígbà tí a wà lọ́mọdé, bàbá kọ́ wa pé bí ohùn kan bá pè wá nínú igbó, tí a ò rí ẹni tó pè, ká má jẹ́ ẹ. Wọ́n ti gbàgbé orúkọ mi, wọn ò gbàgbé ìyẹn. Àwa tí à ń wá wọn gan-an là ń lé wọn.

Mo bẹ ìjọ kí wọ́n dákẹ́. Kò rọrùn o! Àwọn kan ní ọ̀tá á yọ̀. Nígbà tó yá, wọ́n dákẹ́, èmi àti Dókítà bá lọ síbi tí àmì náà wà. Bàbá lóṣòó nínú koríko, ètè wọn ti gbẹ, èéfín ti ń bọ̀ lẹ́yìn wọn. Mi ò pè wọ́n. Mo yí gba iwájú, mo kúnlẹ̀. Wọ́n wò mí títí.

“Ta ló ń pariwo orúkọ mi láti àárọ̀?”

“Àwa ni, bàbá.”

“Ṣé ẹ ò lẹ́sẹ̀ ni?”

Mo gbààwẹ̀, mo sì gbà pé Ọlọ́run gbọ́. Àmọ́ mo ń rò ó pé bóyá òun náà ti ń dúró kí a dákẹ́. Tirẹ̀ ni gbogbo ògo. Ẹ sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Dókítà kí ẹlòmíràn tó gba ọpẹ́ rẹ̀. Bàbá ló jókòó síbẹ̀ yẹn. Ẹ bá mi yọ̀, ẹ wá kí wọn. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba iwájú wá.