Alhaja Kúnlẹ̀ Nínú Ọgbà Tẹ́ḿpìlì ní Ṣáínà

Mò ń ká aṣọ ọmọ mi ní ilé ìfọṣọ kan ní ìlú Clinton lókè òkun nígbà tí Alhaja kan àti àbúrò rẹ̀ tó wọ aṣọ nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn lẹ́yìn mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ yọ fọ́tò yẹn kúrò lórí status yín. Àwọn ìyá mọ́sálásí ti ń pè mí láti àárọ̀. Wọ́n ní ẹ lọ kúnlẹ̀ fún òrìṣà ní Ṣáínà."

"Òrìṣà wo? Òdòdó ni mo lọ wò! Ọgbà tẹ́ḿpìlì àtijọ́ ni, gbogbo igi plọ́ọ̀mù ibẹ̀ ló ti yọ òdòdó. Bàbá arúgbó kan ń gbálẹ̀, mo sì kí i. Ṣé kí n kí àgbàlagbà lóòró ni?"

"Bàbá ọ̀hún dà nínú fọ́tò? Ère nìkan la rí níwájú yín."

"Igi òdòdó ló bò ó! Bí mo ṣe kúnlẹ̀ lòun náà kúnlẹ̀. Mo ní kó dìde, òun náà ń juwọ́ pé kí n dìde."

"Ta ló wá kọ́kọ́ dìde?"

"Orúnkún mi ò gbà. Òun ló fà mí sókè."

"Ẹ̀gbọ́n, Jímọ̀ yìí ni wọ́n fẹ́ fi yín jẹ Ìyá Àdínì o!"

"Kí wọ́n fi ẹlòmíràn jẹ ẹ́. Èmi ò ní tìtorí oyè kí àgbàlagbà lóòró."

Nínú mọ́tò, ọmọ mi tó ti ń dúró dè mí béèrè ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín. Mo ní, "Bí o bá rí àgbà, kúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n rí i pé wọ́n ya àgbà náà mọ́ ọ nínú fọ́tò."