Fíìmù Tí Kò Dáa Tí Ìyá Yẹn Ń Wò Ṣáá

Nínú takisí tó ń lọ Òṣíẹ̀lẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ kan àti ìyá kan tí wọn ò mọra rí ti ń jiyàn fíìmù lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

“Mọ́mì, èyí tí mo sọ yìí lẹ gbọ́dọ̀ wò! Tiyín yẹn ò dáa rárá!”

“Mo mọ̀ pé kò dáa! Àmọ́ àdúgbò wa ní Ṣàpọ́n ni wọ́n ti yà á. Níbi tí ìyàwó ti ń sunkún, obìnrin kan gbé igbá kọjá lẹ́yìn rẹ̀, ó ní, ‘Ẹ kú iṣẹ́ o!’”

Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín. “Ó kí àwọn oníkámẹ́rà?”

“Ṣé èèyàn lè rí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ kó má kí i ni? Màámi nìyẹn, kí Ọlọ́run fi Àlùjánnà kẹ́ wọn. Kò sẹ́ni tó dáhùn nínú fíìmù yẹn. Gbogbo ìgbà tí mo bá ń wò ó, èmi ni mo máa ń dá wọn lóhùn.”