Ìkòkò Tó Di Mánífóòdù

Ní ọdún tí páàtì ọkọ̀ ṣọ̀wọ́n bí ojú, ọkọ̀ tó ń gbé wa láti Ọ̀sì lọ sí Erúkù kọ̀, kò gun òkè mọ́. Bí dẹ́rẹ́bà ṣe ṣí bọ́ńẹ́ẹ̀tì ni ìyàwó rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ lọ bá a.

"Kí ló ń súfèé níbẹ̀ yẹn?"

"Mánífóòdù ni, irin tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì. Ó ti lu."

"Èyí tẹ́ ẹ rọ fúnra yín lẹ́yìnkùlé? Kí lẹ yọ́ tẹ́ ẹ fi rọ ọ́?"

Ọkùnrin náà tún tẹ orí bọ abẹ́ bọ́ńẹ́ẹ̀tì.

"Olówó orí mi, ìkòkò alumíníọ̀mù tí ìyá mi gbé fún mi wá sílé yín, tẹ́ ẹ ní olè jí, ṣé òun ni?"

"Rọra sọ̀rọ̀, èrò ń gbọ́."

"Kí wọ́n gbọ́! Ṣé ẹ tiẹ̀ fọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ tó gbé e sínú iná?"

"Ìgbà wo ni mo fẹ́ fọ̀ ọ́? O ti fẹ́ dé láti ṣọ́ọ̀ṣì."

"Tòun ti epo ọbẹ̀ inú rẹ̀, tòun ti dúdú ìdí rẹ̀? Ẹ ò rí i pé ìdọ̀tí yẹn ló dá ihò sí irin yín lára?"

Ọkọ rẹ̀ fi ìka dí ihò kan. Òmíràn ń súfèé.

Ohùn obìnrin náà wá rọlẹ̀. "Títí ìyá mi fi kú, ìkòkò yẹn ò jò rí. Ọwọ́ yín ló ti kọ́ jíjò."