Ẹja Tí Ìyá Wai-fong Kò Yí Padà

Wai-fong, ti ilẹ̀kùn yẹn, kí o wá jókòó. Dókítà ti sọ tirẹ̀, ó ku tèmi. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Irọ́ tèmi ti lé ní ogójì ọdún lójú ọ̀nà. Bí mo bá gbé e lọ sọ́run, ojú wo ni màá fi wo ìyá rẹ?

O mọ búkà wa ládùúgbò Yau Ma Tei kí wọ́n tó wó o: tábìlì mẹ́fà, àpótí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì, ilẹ̀ tó ń yọ̀ fún ọ̀rá, orúkọ oúnjẹ lórí bébà pupa lára ògiri. Kò sí pátákó lẹ́nu ọ̀nà. Ibi tó bá ṣófo lèèyàn ń jókòó sí, ì báà jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ẹni tí kò mọ̀ rí. Bí ìyá rẹ, Lai-kam, tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ òdòdó oníke, ṣe jókòó ti Sui-hing nìyẹn lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ni Sui-hing, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré. Lai-kam jẹ apá òkè ẹja rẹ̀ tán, ó fẹ́ yí i padà, ni Sui-hing bá figbe ta.

"Yéè! Arábìnrin, ṣé ẹ fẹ́ dojú ọkọ̀ mi dé ni? Ọ̀túnla ni mò ń lọ sójú òkun o!"

"Ẹja mi ni mò ń jẹ, n kò jẹ ọkọ̀ yín."

"Ẹja yín kọ́, ẹja yín rọ́! Ẹ yọ eegun rẹ̀, kí ẹ jẹ ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwa ọlọ́kọ̀ kì í yí ẹja."

Gbogbo búkà rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín nídìí ààrò, ṣùgbọ́n inú mi kò dùn, nítorí oṣù mẹ́ta ni mo ti ń bu ẹran kún ìrẹsì obìnrin yẹn, kò gbójú sókè wò mí rí.

Sui-hing lọ, ó padà, ó tún lọ. Ìgbà tó lọ lẹ́ẹ̀kẹta, àdéhùn ìgbéyàwó ti wà láàárín wọn. Ojoojúmọ́ ni Lai-kam ń wá lọ́sàn-án, abọ́ méjì ló sì ń gbà: ọ̀kan tirẹ̀, ọ̀kan ti Sui-hing, ó á fi igi ìjẹun tẹ́ẹ́rẹ́ méjì lélẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ yẹn. Kò yí ẹja mọ́. Bó bá ti ń jẹun, ẹnu ọ̀nà ló ń wò. Wai-fong, mo jowú ilẹ̀kùn. Gbogbo ohun tí mò ń fẹ́ láyé kò ju kí ẹnì kan máa wo ọ̀nà bẹ́ẹ̀ nítorí tèmi.

Lọ́dún kejì, ọlọ́kọ̀ kan wọlé, ó ní Sui-hing ṣẹ́ lẹ́sẹ̀, ó wà nílé ìwòsàn ní Singapore. "Ó ní kí ẹ bá òun sọ fún Lai-kam pé kó dúró de òun." Mo ní màá sọ.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé abọ́ méjèèjì wá fún un. Èyí tó jẹ́ ti Sui-hing, mo ti gún igi ìjẹun ní òòró sójú ìrẹsì rẹ̀. Ọmọ tó ń rá pàápàá níbí mọ̀ pé òkú nìkan là ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún.

Lai-kam wò ó títí. "Ẹ̀gbọ́n Tong," ó ní, "ṣé ẹ gbọ́ nǹkan ni?"

Mo dorí kodò. N kò fi ẹnu purọ́, ọwọ́ mi ló purọ́, bí ẹni pé ọwọ́ kì í ṣe ara èèyàn. Ó jókòó títí ìrẹsì fi tutù. Lẹ́yìn náà ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí ẹja padà, ó sì jẹ ẹ́ tán pẹ̀lú omijé. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó fẹ́ mi. Kì í ṣe pé ó fẹ́ràn mi. Mo wà nítòsí ni.

Ibi tó burú jù ni mò ń bọ̀ yìí. Oyún rẹ jẹ́ oṣù márùn-ún nígbà tí Sui-hing tiro wọlé lọ́sàn-án gangan. Ìyá rẹ wà lẹ́yìn ilé, ó ń fọ ewébẹ̀.

"Tong! Ọ̀rá ò tíì pa ọ́ nídìí ààrò yìí? Lai-kam mi ńkọ́?"

"Ó ti lọ́kọ," mo ní. "Wọ́n ti kó kúrò níbí."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀. "Ṣé wọ́n jíṣẹ́ mi fún un?"

"Wọ́n jẹ́ ẹ. Ó ní òun kò lè dúró."

Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀, Wai-fong, mo sì ń gbọ́ ìró omi tí ìyá rẹ fi ń fọ ewébẹ̀. Sui-hing wọ́ àpótí kan, ó jókòó. Ó ní kí n fún òun ní ẹja. Ó jẹ ẹ́ tán, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì lọ.

Ìyá rẹ ló wá palẹ̀ tábìlì mọ́. Ó bá eegun ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo, wọ́n yọ ọ́ lódindi, awọ ìsàlẹ̀ ṣì tẹ́ lójú àwo, kò sẹ́ni tó yí i.

"Ta ló jẹun níbí?"

"Oníbàárà ni."

Ó jáde, ó fọwọ́ lé ikùn, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Èrò ti kún títì. Ó wọlé, ó fọ àwo náà.

Láti ọjọ́ yẹn títí ó fi kú, kò yí ẹja mọ́ nínú ilé mi. Nígbà tí o wà ní kékeré, o bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Bó ṣe dùn mọ́ mi nìyẹn." Mo gbọ́, mo ń bu ọbẹ̀ lọ. Ogójì ọdún ni mo bá a jẹun, ẹnu ọ̀nà ló ń wò. Ẹni bá firọ́ fẹ́ aya, ara rẹ̀ nìkan ló fẹ́ wálé. Sọ ọ́ fún àwọn ọmọ rẹ.

Foríjì mí, ọmọ mi. Bá mi wá Sui-hing, bó bá ṣì wà láyé. Sọ fún un pé obìnrin náà dúró. Bí o bá sì gbé oúnjẹ wá síbojì wa, gún igi sí ìrẹsì tèmi, ó tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n fún ìyá rẹ ní abọ́ méjì, kí o fi igi ti abọ́ kejì lélẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Ẹja rẹ̀, mo bẹ̀ ọ́, má yí i padà.