Èmi Ni Mo Kọ́ Wọn Pé Omi Tó Bá Rùn Ló Mọ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí ò ṣe é pariwo. Ìyàwó mi ti kó lọ sílé ìyá ẹ̀ ní Alapoti. Mi ò nà án o, mi ò sì kó obìnrin míì wọlé. Omi ló lé e lọ! Omi tí mo fọwọ́ ara mi po oògùn sí. Mo fẹ́ kó padà, mi ò sì fẹ́ kí ṣọ́ọ̀bù kú, àwọn méjèèjì wá ń fà mí lápá lótùn-ún lósì.

Alágbàfọ̀ ni wá ní Joju, èmi àti Ìyá Mústàfá, ìyàwó mi. Aṣọ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní kọ́ńpìnnì la ń fọ̀, ẹ sì mọ irú aṣọ bẹ́ẹ̀: òógùn, gíríìsì, eruku. Kànga wa máa ń gbẹ lẹ́ẹ̀rùn, omi táńkà sì gbówó lórí. Èmi tí mi ò ka ìwé kọjá pírámárì fọ́ọ̀, mo lo ọgbọ́n orí. Omi tá a bá fi ṣan aṣọ, dípò kí n dà á sí gọ́tà, mo ń darí ẹ̀ padà sínú táńkì, mo ń da kilorín, oògùn apakòkòrò, sí i, a tún fi ń fọ aṣọ míì. Táwọn kọ́sítọ́mà bá ní omi ìdọ̀tí ni, mo ní kí wọ́n fa imú. "Ṣé ìdọ̀tí ń rùn báyìí? Oògùn ló ń pariwo yẹn!" Wọ́n á fa imú, wọ́n á yọ́. Òórùn yẹn ni mo fi ń nájà, bó bá sì ti ń dín kù ni mò ń fi kún un.

Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ojú ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣomi nínú yàrá ìfọṣọ wa tí kò ní fèrèsé. "Bàbá Mústàfá, omi lẹ dà síbí ni àbí ata gígún?" Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ìmọ́tótó ló ń bá a jà. Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Òun ń sunkún, ó ń ríran. Èmi tí ojú mi gbẹ ni mi ò rí nǹkan kan! Nígbà tí ikọ́ dé, tí àyà ń há a, mo ní ìdọ̀tí ló kù nínú omi, mo tún bu kilorín sí i. Ọjọ́ yẹn ni èémí ò gòkè mọ́. Àwọn ará ilé ló bá mi gbé e síta. Nígbà tó mí kanlẹ̀, ó kó ẹrù ẹ̀, ohun tó sọ ò ju ẹyọ kan lọ: "Ọjọ́ tí mo bá lè dúró ti táńkì yẹn tójú mi ò ṣomi ni mo máa padà."

Àǹtí kan tó ń yẹ omi wò ní kọ́ńpìnnì ló là mí lóye nígbà tó gbé aṣọ wá. "Kì í ṣe kilorín nìkan lẹ̀ ń gbóòórùn ẹ̀ yẹn," ó ní. "Kilorín ń bá òógùn àti ìdọ̀tí jà nínú omi, ohun tí ìjà wọn bí ló ń ta yín lójú. Àwọn míì tí ìjà yẹn bí tún wà níbẹ̀ tí imú ò lè gbọ́ òórùn wọn."

"Ṣé kí n má lò ó mọ́ ni?"

"Háà, rárá o! Kòkòrò ńkọ́? Ẹ kọ́kọ́ kó ìdọ̀tí kúrò, kẹ́ ẹ wá lò ó níwọ̀n. Ẹ̀ ń da epo síná, ẹ̀ ń bi iná pé kí ló dé tó ń jó."

Mo fi álọ́ọ̀mù sí i kí ìdọ̀tí wálẹ̀, mo sẹ́ omi náà gba inú iyanrìn àti èédú, kilorín díẹ̀ ló tẹ̀ lé e. Àǹtí fún mi ní bébà tí wọ́n ń tì bọ omi, àwọ̀ ẹ̀ ló ń sọ fún mi bóyá oògùn pọ̀ jù. Mo dá fèrèsé sí ògiri. Òórùn lọ!

Àbí ẹ ò rí wàhálà? Wàídì, tó máa ń kó aṣọ àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ wá, fa imú títí. "Alágbàfọ̀, oògùn dà? Ẹ ti ń jí i pa mọ́!" Ló bá gbé ẹrù ẹ̀. Àwọn míì tẹ̀ lé e. Èṣù sọ sí mi létí pé kí n wọ́n kilorín díẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n ṣáà gbóòórùn. Mo ti bù ú sọ́wọ́ tán lọ́jọ́ Jímọ̀ tí ìyàwó mi yọ lójijì, ó ní òun kàn wá wò wá ni. Mo yáa dà á padà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ táńkì, ó pẹ́ níbẹ̀. Ojú ẹ̀ gbẹ! Kò yìn mí o. Ó kàn ká apá aṣọ ẹ̀ sókè, ó fa ṣẹ́ẹ̀tì kan, ó ń fọ̀ ọ́.

Wàídì tún kọjá, ó ń yínmú. Ìyá Mústàfá pè é: "Wàídì, tẹ́ ẹ bá wẹ̀ tán, ṣé ẹ gbọ́dọ̀ máa rùn kí ìyàwó yín tó gbà pé ẹ ti wẹ̀?" Gbogbo àdúgbò fẹ̀rín pa á. Ó dá ìdajì ẹrù ẹ̀ padà, ó ní òun á kọ́kọ́ wò ó ná.

Ìyàwó mi ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé, pẹ̀lú ẹrù òun. Ẹ bá mi dúpẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń tún omi lò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó ìdọ̀tí kúrò kẹ́ ẹ tó da oògùn sí i. Ṣùgbọ́n àwọn kọ́sítọ́mà tó kù, tó jẹ́ ẹnu mi yìí náà ló kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́kẹ́kọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe máa sọ fún wọn pé omi tó mọ́ kì í rùn, tí wọn ò fi ní pè mí ní òpùrọ́ lẹ́ẹ̀mejì? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o.